Ṣé kí baálé mi fi iyán sílẹ̀ nítorí ọkàn rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ta aṣọ. Baálé mi jẹ́ ẹni ọdún 53, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Alágbàká ló ń lọ. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ lóṣù tó kọjá, 150 lórí 95 ni, wọ́n sì ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Àwọn ará ọjà ní kó pa iyán tì, kó máa jẹ wíìtì, kí n má sì fi epo pupa se ọbẹ̀ mọ́. Ọmọ Oǹdó ni o! Bí kò bá rí iyán lálẹ́, kò jẹun nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú baálé yín, mà. Ẹ má tíì gbé odó pamọ́. Bí òkèlè ṣe tóbi tó, àsìkò tó ń jẹ ẹ́, àti ohun tó wà nínú abọ́ ọbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Iṣu tí a ti sè, tí a tún gún kúnná, kì í pẹ́ nínú kó tó di ṣúgà. Ṣúgà náà á wọ ẹ̀jẹ̀, ara á tú ínsúlínì jáde láti kó o lọ síbi tó ti wúlò. Ẹni tó fẹ́ kọ ebè á lò ó tán. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀, tó jẹ iyán ńlá ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì wọlé lọ sùn, níbo ni yóò ti lò ó? Ẹ̀dọ̀ á kó díẹ̀ pamọ́, á sọ ìyókù di ọ̀rá. Òmíràn á jókòó sí ikùn, òmíràn á máa ṣàn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ara ò ní gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa mọ́, ibẹ̀ sì ni àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ti ń pàdé ara wọn.

Wíìtì ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó fi iyán sílẹ̀, tí òkèlè wíìtì rẹ̀ wá tóbi ju iyán àná lọ. Bí iye rẹ̀ kò bá dín, orúkọ nìkan la pààrọ̀. Àmàlà èlùbọ́ náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́: iyán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ́sàn-án Sátidé àti Sọ́ńdè, kí òkèlè rẹ̀ má ju ìkúùkù rẹ̀ kan lọ. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, ìbáà ṣe tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ebòlò. Kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kó tó bu òkèlè, ṣúgà ò ní gòkè tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín, kó sì jẹ ẹ́ kó tó di agogo méje. Mo fẹ́ràn ẹ̀wà fún irú wọn gan-an. Fáíbà inú rẹ̀, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tí ara kì í lè dà, máa ń di òróòro mú nínú ìfun, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan, láti inú ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣe òróòro tuntun.

Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú, òótọ́ ni àwọn tó ń tà á ń sọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni irú ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí ló sì ń mú kí ẹ̀dọ̀ lọ́ra láti kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ dín in kù sí ṣíbí ọbẹ̀ méjì fún ìkòkò gbogbo ilé, ẹ má sì yọ́ ọ títí á fi funfun. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lo òróró ẹ̀pà díẹ̀.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mójú tó jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀. Ẹ wá ka màgí inú ìkòkò, búrẹ́dì àárọ̀, núdù tó ń bá àwọn ọmọ jẹ, àti àsun ìrọ̀lẹ́ Fráídè mọ́ ọn! Irú tí wọn ò po iyọ̀ mọ́, àlùbọ́sà, ata àti efínrín á gbé ọbẹ̀ dúró. Á ní kò dùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ahọ́n á bá a mu.

Oúnjẹ lágbára o, mà. Lọ́dún 1997, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀fọ́, èso àti oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré bọ́ àwọn èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wọn ò dín iyọ̀ wọn kù, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n fọn. Síbẹ̀, nọ́ńbà òkè ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ní nǹkan bí 11 ju ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ àtẹ̀yìnwá lọ.

Kó má tìtorí ẹ̀fọ́ dá oògùn dúró; dókítà rẹ̀ nìkan ló lè dín in. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ mú èsì rẹ̀ wá fún mi. Bí àyà bá ń fún un pa, tàbí tí ọwọ́ kan ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́.