Àna wa ń jẹ́ Kehimkar: ibo ni wọ́n ti wá?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ti mú àfẹ́sọ́nà wálé. Ará Íńdíà làwọn òbí ọmọkùnrin náà, Kehimkar sì ni orúkọ ìdílé wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Híńdù ni wọ́n, pé ṣebí bí orúkọ Tendulkar tó ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì nígbà kan ṣe parí ni tiwọn náà ṣe parí. Àbúrò mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò pọ̀ rárá, ẹ̀rù ń bà á pé bóyá wọ́n kàn sọ ara wọn bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà bá ìyá bàbá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní àwọn máa ń tan fìtílà lálẹ́ Fúráìdeè. Gbogbo ẹ̀ wá dàrú mọ́ mi lójú. Ibo gan-an ni orúkọ yìí ti wá? Mélòó ni wọ́n? A ti fi mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé kan lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mọ irú ẹni tó ń bọ̀ wá kanlẹ̀kùn wa. Ìyá Ìbídùn, Peckham.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire, Màmá Ìbídùn, Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín jẹ ẹ́. Títú ìwé ìdílé ni iṣẹ́ mi, mo sì lè sọ fún yín pé fìtílà alẹ́ Fúráìdeè tí ìyá àgbà yẹn dárúkọ ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí orúkọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ẹ là á sí méjì: Kehim, kar. Lédè Marathi, èyí tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, "kar" kò ju "ará" tiwa lọ. Ará Kehim ni wọ́n. Abúlé etí òkun ni Kehim, Kihim ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ báyìí, lágbègbè Alibag, ẹkùn Raigad. Omi ló pín in níyà pẹ̀lú Mumbai. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mumbai láàárọ̀ á ti jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ mọ Kihim dáadáa, torí ibẹ̀ ni Salim Ali, àgbà nínú ìmọ̀ ẹyẹ ní Íńdíà, ti jókòó wo ìbátan ẹ̀gà kan bó ṣe ń hun ilé sórí igi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín rí nǹkan kan. Lóòótọ́ ni Tendulkar àti Kehimkar jọ ní "kar" nídìí, bí a ṣe ń sọ pé ará Ìjẹ̀ṣà, ará Ẹ̀gbá. Ibi tó ti ṣì í ni pé "kar" kò mọ ẹ̀sìn, kò sì mọ ipò. Mangeshi ní Goa ni ìdílé Lata Mangeshkar, gbajúmọ̀ olórin nì, ti mú orúkọ wọn. B. R. Ambedkar, tó darí ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà, wá látinú àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹni àìfọwọ́kàn. Abúlé tirẹ̀ ni Ambadawe, orúkọ abúlé yẹn ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sílé ìwé. Wọ́n ní olùkọ́ rẹ̀ kan, Brahmin ni, ìyẹn ìran tó ga jù láàárín àwọn Híńdù, ló yí i padà sí Ambedkar tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́. Ẹ wá wò ó: ẹni tó wà lókè téńté àti ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò omi, orúkọ kan náà. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wo "kar" tó sì sọ ẹ̀sìn fún yín, ó ń méfò ni.

Kehimkar tó lórúkọ jù nínú ìtàn, Júù ni. Ibẹ̀ ni fìtílà yẹn ti bá a mu: àwọn Júù ló ń tan fìtílà lálẹ́ Fúráìdeè, torí ìgbà yẹn ni ọjọ́ ìsinmi wọn, Sátidé, ń bẹ̀rẹ̀. Haeem Samuel Kehimkar lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1830. Òun ló jókòó kọ ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó dá ilé ìwé sílẹ̀ fún ọmọ wọn ní Bombay, bí wọ́n ti ń pe Mumbai nígbà yẹn. Ó ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé ìtàn náà ní Tel Aviv ní 1937. Àwọn Júù etí òkun yìí ń pe ara wọn ní Bene Israel, ìyẹn ọmọ Ísírẹ́lì. Ìtàn tí bàbá ń sọ fún ọmọ láàárín wọn ni pé ọkọ̀ kan fọ́ lójú omi nítòsí Navgaon, abúlé tí kò jìnnà sí Kihim, ọkùnrin méje àti obìnrin méje ló yọ nínú rẹ̀, àwọn mẹ́rìnlá yẹn ni wọ́n sì di gbogbo wọn. Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 rí i pé ẹ̀jẹ̀ Júù láti Àárín-Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Íńdíà jọ wà lára wọn.

Láyé àtijọ́, òróró ni àwọn Bene Israel ń fún tà. Ẹ fojú inú wo odó ńlá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ọmọ odó gígùn dúró sínú rẹ̀, wọ́n so igi gbọọrọ mọ́ ọmọ odó náà, màlúù kan sì ń fa igi ọ̀hún yípo, yípo, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń mú. Yànmọ̀tí ni wọ́n ń dà sínú odó yẹn, òróró á sì máa sun. Olóròóró pọ̀ ní gbogbo abúlé Konkan, bí wọ́n ti ń pe etí òkun yẹn, Híńdù ni ọ̀pọ̀ wọn. Àmọ́ tó bá di Sátidé, màlúù àwọn kan á wà lórí ìso, odó wọn á dákẹ́. Ni àwọn aládùúgbò bá fún wọn lórúkọ: Shanivar Teli, Olóròóró Sátidé. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ Júù, wọ́n kàn mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ra òróró tútù lọ́jọ́ yẹn kó gba ilé ibòmíì lọ.

Kódà, àwọn fúnra wọn ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan. Èdè Hébérù ti lọ, ó ku gbólóhùn àdúrà kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dábẹ́ fọ́mọ ọkùnrin lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ń sinmi ní Sátidé. Wọ́n tún ń sọ ìtàn ọkùnrin kan, David Rahabi, pé Júù ni, ó wá sọ́dọ̀ wọn láti òkèèrè, ó sì fẹ́ dán wọn wò. Ó gbé àdàlù ẹja fún àwọn obìnrin wọn pé kí wọ́n sè é. Àwọn obìnrin náà ṣa gbogbo èyí tó ní ìpẹ́ àti lẹbẹ sọ́tọ̀, wọ́n ní ìyókù kì í ṣe jíjẹ fáwọn. Ó ní, ará mi nìwọ̀nyí. (Ẹ má gbàgbé ẹja yìí o, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.)

Báwo ni orúkọ abúlé ṣe wá di orúkọ ìdílé? Ẹni tó ṣì wà ní Kihim kò níláti sọ pé ará Kihim lòun. Ta ló fẹ́ bi í? Ìgbà tó kúrò nílé lorúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò. Láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni wọ́n ti ń rọ́ lọ sí Bombay, tí wọ́n ń ṣe káfíńtà, tí wọ́n ń wọṣẹ́ ológun lábẹ́ ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì nì, East India Company. Ní Bombay, Samuel pọ̀ bí eèrà. Samuel ti ibo? Ará Pen di Penkar, ará Roha di Rohekar, ará Rajpuri di Rajpurkar, ará Navgaon di Navgaonkar. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún láàárín wọn.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn. Ológun ni Samuel Ezekiel Divekar, ará Dive Agar. Àwọn ọmọ ogun Tipu Sultan, ọba Mysore ní gúúsù Íńdíà, mú un lẹ́rú, wọ́n sì fẹ́ pa á. Wọ́n bi í pé kí ló jẹ́. Wọ́n ní tó bá sọ pé Júù lòun ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pe ara wọn nílé ló sọ: Bene Israel. Ìyá Tipu wà ní ìjókòó, ó ní orúkọ tóun ń gbọ́ nínú Àlùkùránì nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ó padà sí Bombay, ó sì kọ́ sínágọ́gù àkọ́kọ́ tí wọ́n ní níbẹ̀ ní 1796. Òpópónà tó wà níbẹ̀, Samuel Street, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Síbẹ̀ Divekar yẹn kan náà ni àwọn Híńdù kan ń jẹ́ títí dòní, torí Júù àti Híńdù ló jọ ń gbé Dive Agar.

Ká wá fi orúkọ Haeem Samuel Kehimkar kọ́ra. Haeem ni orúkọ òun fúnra rẹ̀. Samuel ni bàbá rẹ̀. Kehimkar ni abúlé. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ orúkọ ní Maharashtra nìyẹn: orúkọ àárín ni orúkọ bàbá, tí obìnrin bá sì ti wọlé ọkọ, orúkọ ọkọ ló ń bọ́ sí àárín. Torí náà àárín ni kẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ bá ń wá ìran, ẹ má wo ìparí. Kehimkar méjì lè pàdé kí wọ́n má jẹ́ mọ̀lẹ́bí rárá, àfi pé òkun kan náà ni bàbá bàbá wọn wẹ̀. Ẹ tún lè rí àwọn orúkọ àtijọ́ tí ẹ ò ní mọ̀ pé ti Bíbélì ni: Samaji ni Samuel, Hasaji ni Ezekiel. Divekar ológun yẹn, Samaji Hasaji ni wọ́n ń pè é nílé.

Ó kan iye wọn, èyí tó ń da àbúrò yín láàmú. Ìkànìyàn Íńdíà ń tẹ iye ẹlẹ́sìn àti iye tó ń sọ èdè jáde, kì í tẹ iye tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan. Àwọn ojú ìwé tó ń sọ pé èèyàn báyìí ló ń jẹ́ lágbájá, ìwé díẹ̀ ni wọ́n kà, wọ́n wá fi ìṣirò bù ú pọ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ fún Patel, orúkọ tó pọ̀ gan-an ní Íńdíà. Fún orúkọ abúlé kan ṣoṣo, irọ́ ló máa ń jáde. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà Devanagari ni wọ́n fi ń kọ Marathi, nítorí náà Kehimkar, Kihimkar àti Kehimker lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tí akọ̀wé mẹ́ta fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Ohun tó dájú ni pé wọn ò lè pọ̀. Àwọn Bene Israel tó wà ní Íńdíà ní 1948 kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, tí a bá sì pín wọn sí orúkọ abúlé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, mélòó ló máa kan Kihim? Láàárín wọn náà, ọ̀pọ̀ ti pa orúkọ abúlé tì, wọ́n ń fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé. Nissim Ezekiel akéwì, Bene Israel ni, ẹ ò sì rí "kar" kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kó lọ sí Ísírẹ́lì, sí Dimona, Ashdod, Lod àti Be'er Sheva, níbi tí àwọn rábì kan ti kọ́kọ́ ń yẹ ìran ìyá wọn wò kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, tí àwọn Bene Israel fi ṣe ìwọ́de gan-an, kó tó di pé ìjọba sọ ní 1964 pé Júù bíi Júù yòókù ni wọ́n. Nígbà tí Íńdíà kànìyàn ní 2011, gbogbo Júù tó kù ní orílẹ̀-èdè náà, ti ibi gbogbo, kò pé 5,000. Àìpọ̀ wọn kò túmọ̀ sí pé orúkọ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọpa síwájú, British Library wà nítòsí yín ní St Pancras. Ibẹ̀ ni ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà wà, títí kan ti àwọn ológun, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn bàbá ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ sínágọ́gù. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ná owó ọkọ̀, ẹ pe ìyá àgbà yẹn padà. Ẹ má bi í léèrè ẹ̀sìn, ẹ ní, "Màmá, abúlé wo ni bàbá yín àgbà ti wá, kí sì ni orúkọ bàbá rẹ̀?" Inú àgbàlagbà máa ń dùn sí irú ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ ní ẹ fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Tó bá dárúkọ malida, àwo ìrẹsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣúgà àti àgbọn pò, tí wọ́n to èso sí lára, tí wọ́n sì ń gbàdúrà dúpẹ́ lé lórí lórúkọ wòlíì Èlíjà, ẹ mọ̀ pé Bene Israel lẹ bá pàdé. Wọ́n máa ń ṣe é tí ìgbéyàwó bá ń bọ̀.

Ó wá ku oúnjẹ, torí ilé yín ni wọ́n ń bọ̀. Ẹja àrọ̀ kò ní ìpẹ́, kò ṣeé gbé fún wọn. Edé náà bẹ́ẹ̀, àtèyí tẹ́ ẹ lọ̀ sínú ẹ̀gúsí. Ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹran màlúù, ẹ bi wọ́n, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ ẹ́ látìgbà tí wọ́n ti ń bá Híńdù gbé. Ẹja èpìyà dára.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ mú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Ọmọ Olóròóró Sátidé ni wọ́n. Ẹ pe oní-hall lónìí, kó bá yín wo Sọ́ńdè.