Ẹ Bi Alàájà: Kí Ni Kí N Kọ Nípa Ìyàwó Mi?

Ìbéèrè

Alàájà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi jáde láyé nínú oṣù tó kọjá. Ìyá Sùnná ni wọ́n ń pè é ní mọ́ṣáláṣí wa níbí ní Ìwó, ṣùgbọ́n ní ọjà Odò-Orí, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Kò pa àsàlátù ọjọ́ Àìkú jẹ títí àìsàn fi dá a gúnlẹ̀. Àdúà ogójì ọjọ́ ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ sì fẹ́ tẹ ìwé Yásín tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ máa wà níwájú rẹ̀. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: obìnrin oníwà tútù, abiyamọ tòótọ́, ìyá gbogbo ayé. Kò burú, àmọ́ mi ò rí ìyàwó mi níbẹ̀. Ìyàwó mi kì í ṣe oníwà tútù, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ lórí kóńgò kan ṣoṣo, gbogbo ọjà ló máa gbọ́.

Mo wá ní màá kọ ọ́ fúnra mi. Ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá ní kò sí nínú ẹ̀sìn. Àáfà ni, ìyàwó mi ló sì fi owó elùbọ́ rán an ní kéú dé Màríkásì, ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tó wà ní Agége. Ó ní yíyin òkú kò yàtọ̀ sí ẹkún arò, àti pé ọ̀fọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí mo bá sì máa kọ ọ́, kí ni kí n kọ?

Ọkọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìwó

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́hun á forí jìn ín, á fi Alijánnà ṣe ilé fún un.

Ẹ jẹ́ kí n tètè dá àáfà lóhùn, nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ọjọ́ mẹ́ta náà wà nínú hádíìsì: obìnrin onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi ọkọ rẹ̀, tí tirẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀fọ̀ tí wọ́n ń wí níbẹ̀ ni ká yẹra fún ọ̀ṣọ́ àti lọ́fínńdà. Ẹkún tí wọ́n sì kọ̀ ni igbe, kéèyàn máa lu ara rẹ̀, kó máa fa aṣọ ya. Ta ló sọ pé kí ọkọ má rántí ẹni tí wọ́n jọ gbélé? Ní ti ogójì ọjọ́ fúnra rẹ̀, àwọn àáfà kò fẹnu kò lórí rẹ̀, èmi ò sì ní dá sí ìyẹn níbí. Ẹ̀yin àti lémọ́ọ̀mù yín ni.

Ẹ wá bá mi bi àbúrò ìyàwó yín: ta ló rántí ìyàwó tó Ànábì? Khadijat, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, kú ní nǹkan bí ọdún 619, ọdún mẹ́ta kí Ànábì tó ṣí lọ sí Mẹdínà. Oníṣòwò ni obìnrin yẹn, bíi tiyín; ẹrù ọjà rẹ̀ ni Ànábì bá a gbé lọ sí Ṣámù, ìyẹn ilẹ̀ Síríà, kí wọ́n tó fẹ́ra wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ànábì fẹ́ àwọn ìyàwó mìíràn, síbẹ̀ orúkọ Khadijat kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Aisha, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó yẹn, fúnra rẹ̀ ló ròyìn, ó wà nínú hádíìsì Bukhari, pé nínú gbogbo ìyàwó Ànábì, kò sí èyí tí òun jowú rẹ̀ tó Khadijat, bẹ́ẹ̀ òun kò bá a láyé. Bí Ànábì bá pa àgùntàn, á gé e, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadijat. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin ti kú, ọkọ rẹ̀ ṣì mọ ojúlé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Hala, arábìnrin Khadijat, dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń tọrọ ààyè láti wọlé, ohùn rẹ̀ jọ ti olóògbé, ara Ànábì sì dìde.

Nígbà tí Aisha ní Ọlọ́hun ti fi èyí tó sàn jù rọ́pò arúgbó yẹn, kí ni Ànábì fèsì? Kò ní “obìnrin rere ni” kó sì dákẹ́. Ó ní ó gba òun gbọ́ nígbà tí àwọn èèyàn ń pe òun ní òpùrọ́, ó fi owó rẹ̀ ran òun lọ́wọ́ nígbà tí àwọn èèyàn háwọ́, ó sì bímọ fún òun. Ohun tó ṣe ló sọ, àti ìgbà tó ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa kọ tiyín nìyẹn. Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lè fi Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Àwọn ìwé Yásín tí mo gbà níbi fìdáù kún àpótí kan nílé mi, bí ẹ bá sì yọ fọ́tò kúrò níwájú wọn, ẹ ò ní mọ òkú kan yàtọ̀ sí èkejì. Gbogbo wọn ló níwà tútù! Ẹ kọ ohùn ìyàwó yín tó ń dé òdìkejì ọjà. Hádíìsì ní ká máa sọ rere àwọn òkú wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n obìnrin tí kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, tí òun náà kì í rẹ́ni jẹ, ta ló máa pe ìyẹn ní àléébù? Ṣé ó máa ń wọn kóńgò kún dé orí ni àbí ó ń fi ọwọ́ gé e? Ta ló ń fún ní ẹ̀nì, ta ni kì í fún? Ta ló máa ń bá jí lọ sí àsàlátù, ibo ló sì ń jókòó sí? Ẹ kò kọ oríkì rẹ̀ sínú lẹ́tà yín. Ẹ má jẹ́ kó sọnù nínú ìwé.

Ẹ̀yin nìkan kò lè mọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ kì í sí lọ́jà. Ẹ lọ bá ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ní Odò-Orí, ẹ lọ bá àwọn alásàlátù, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì máa pa ẹran, ẹ fi tiwọn ránṣẹ́ sí wọn nílé. Ìyẹn wù mí ju ankó tí àwọn ọmọ máa fẹ́ dá lọ.

Ẹ yẹ ìwé àwìn rẹ̀ wò pẹ̀lú, kí ẹ tó pín ohunkóhun. Súrà An-Nisa ti là á sílẹ̀ pé gbèsè olóògbé àti àsọọ́lẹ̀ tó sọ lórí dúkìá rẹ̀ ló ṣáájú ogún. Bí àwọn tó ń kó elùbọ́ wá fún un láti Òkè-Ògùn bá ní owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ san án. Lẹ́yìn èyí, níwọ̀n ìgbà tí ó bímọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni tiyín. Àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó náà wà: ẹnikẹ́ni nínú yín lè forí jì wọ́n nínú ìpín tirẹ̀, kò gbọdọ̀ forí jì wọ́n nínú ti ẹlòmíràn.

Ní ti àáfà, ẹ fún un ní ojú ewé kan nínú ìwé náà. Òun ló mọ ìyàwó yín ní kékeré, òun náà ló sì lè sọ bí owó elùbọ́ ṣe gbé òun dé Agége. Bó bá kọ̀, ẹ bá a kọ ọ́.