Kí ni ìtumọ̀ òwe “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé”?

Ìbéèrè: Níbi ìpàdé ọmọ Yorùbá ní Kubwa, l'Abuja, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí owó tí ìjọba ná lẹ́yìn Kòrónà. Bàbá kan pa òwe yìí, gbogbo àgbà sì mi orí. Kaduna ni wọ́n bí mi sí, mi ò mọ ohun tó kan ìjọba níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ìdí oúnjẹ ni òwe náà ti wá. Bó ti wù kí ebi pa bàbá tó, kì í lá abọ́ mọ́. Yóò fi òkèlè mélòó kan sílẹ̀, yóò fi ẹran kan tì í, yóò wá pe ọmọ tó kéré jù: “Wá palẹ̀ mọ́.” Ọmọ á jẹ ìyókù, á fọ abọ́, ara á sì yá a láti jíṣẹ́ lọ́la. Àgbà tó bá jẹ ẹ́ tán láìwẹ̀yìn, òun nìkan ni yóò gbé ẹrù rẹ̀. Òwe náà kò ní kí àgbà má jẹun o. Ohun tó fi sílẹ̀, àti ẹni tó fi í sílẹ̀ fún, ló ń bèèrè.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, wọ́n ti Abuja àti Èkó pa nítorí Kòrónà; ti Ògùn tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sílé, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé. Oníkẹ̀kẹ́ Nyanya àti alákàrà Lugbe ń kọ́? Ohun tí wọ́n bá rí lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọmọ ìdí abọ́.

Lọ́dún náà, ìgbìmọ̀ tí Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò darí gbé ètò náírà tírílíọ̀nù 2.3 kalẹ̀. Ó ní kí ènìyàn 1,000 ríṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774, kí wọ́n gba 20,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Ó dé ìsàlẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kì í pẹ́ tán. Iná sólà fún ilé mílíọ̀nù márùn-ún tó wà nínú ètò kan náà ló wù mí jù: bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, owó á tán, iná á ṣì máa tàn.

Gbèsè ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin 2020, IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, yá Nàìjíríà ní dọ́là bílíọ̀nù 3.4. Ọmọ tí a kò tíì bí yóò bá wọn san nínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Bí owó náà bá bọ́ sí ọ̀nà, oko àti ilé ìwòsàn, ọmọ náà rí nǹkan bá nínú abọ́. Bí ó bá bọ́ sí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá, òfìfo igbá ló jogún.

Ìyókù nìkan kò sì tó. Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn aráàlú já ilé tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ sí ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, títí kan Abuja. Oúnjẹ wà níbẹ̀, wọn ò pe ọmọ wá jẹ ẹ́ lásìkò. Ó dùn mí gan-an.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ pa òwe yìí níwájú àwọn tó jù yín lọ, ẹ kọ́kọ́ ní “tótó ó ṣe bí òwe o.” Wọ́n á ní ẹ ó rí òmíràn pa. Ẹ wá bèèrè mélòó nínú iṣẹ́ 1,000 ti Bwari, ìjọba ìbílẹ̀ tí Kubwa wà nínú rẹ̀, ló dé Kubwa.