Súláídà kan ń fa ìlù mẹ́rin wálẹ̀ nínú Pure Data

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí FUTA níbí ní Àkúrẹ́ ni mo wà. Mo ń fi Pure Data (Pd), ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ohùn àti orin, ṣe ẹ̀rọ ìlù: agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gúdúgúdú àti gángan. Mo ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ ilu.pd, mo sì pè é lẹ́ẹ̀mẹrin sínú pátìṣì ńlá, ìyẹn fáìlì Pd tó kó gbogbo wọn jọ, níbi tí súláídà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé ohùn wọn sókè sódò wà. Wáyà pọ̀ débi pé n kò mọ èyí tó ń lọ síbo mọ́, ni mo bá yọ wọ́n, mo fi send àti receive, tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ nípasẹ̀ orúkọ láìlo wáyà, rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fa súláídà gángan wálẹ̀ báyìí, gbogbo ìlù yòókù ló ń bá a wálẹ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò, inú mi dùn gan-an pé ẹnì kan ń fi Pd lu gúdúgúdú ní ìlú wa. Ohun tí o ṣe kò burú rárá. Orúkọ tí o lò ló ní ẹni púpọ̀ tó ń jẹ́ ẹ.

Orúkọ tí o bá kọ sínú send kò mọ ààlà fáìlì. Bí o bá kọ [s iwon] (s ni send, r ni receive), gbogbo [r iwon] tó wà ní ṣíṣí nínú Pd lákòókò náà ni yóò gbọ́, ìbáà wà ní wíńdò mìíràn, ìbáà wà nínú fáìlì tí o ti gbàgbé pé o ṣí. Dúró sí àárín Ọjà Ọba kí o pariwo “Ìyá Bọ́sẹ̀!”, kí o wo iye ìyá tí yóò bojú wẹ̀yìn. O pe ilu.pd lẹ́ẹ̀mẹrin, [r iwon] sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dá ọ lóhùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ fún ọ pé kí o fi $0- ṣíwájú orúkọ náà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí Pd bá ṣe ń ṣí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fún un ní nọ́ńbà tí ẹ̀dà mìíràn kò ní, $0 la sì fi ń pe nọ́ńbà náà. [r $0-iwon] lè di 1004-iwon nínú agogo, kó di 1007-iwon nínú gángan. Bó bá jẹ́ inú ilu.pd gan-an ni súláídà rẹ wà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: tẹ ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, yan Properties, kí o kọ $0-iwon sí ibi tí wọ́n pè ní Send symbol.

Ṣùgbọ́n inú pátìṣì ńlá ni tìrẹ wà. Pátìṣì ńlá náà ní $0 tirẹ̀, kì í ṣe ti gángan. Bí o bá kọ $0-iwon sí ọ̀hún àti sí inú ilu.pd, nọ́ńbà méjèèjì kò ní bá ara wọn mu, súláídà rẹ kò sì ní mú nǹkan kan ṣe. Mo ti rí i tí irú èyí mú àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa jáwọ́.

Èyí tí yóò tọ́ sí ọ ni $1. Níbi tí o ti pe ilu.pd, fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lórúkọ: [ilu agogo], [ilu sekere], [ilu gudugudu], [ilu gangan]. Nínú ilu.pd, kọ [r $1-iwon]. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé ilu ni Pd yóò fi dípò $1, nítorí náà ẹ̀dà kẹrin yóò máa retí gangan-iwon. Kọ gangan-iwon sí Send symbol súláídà gángan, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Má fi àlàfo sáàárín orúkọ, nítorí ọ̀rọ̀ méjì ni Pd yóò kà á sí.

Miller Puckette tó kọ Pd ní 1996 ló kọ́kọ́ ṣe Max, ètò orin mìíràn, ní IRCAM, ilé ìwádìí orin ní Paris, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi jọra. Bí o bá bá ẹni tó ń lo Max ṣiṣẹ́, #0 àti #1 ni wọ́n ń kọ.

Ohùn fúnra rẹ̀ kì í gba inú [s] kọjá. [s~] àti [r~] ló ń gbé e, [s~] kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan. Bí o bá fẹ́ kó gbogbo ìlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sínú reverb kan (ohun tó ń mú ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ló wà), [throw~] ni kí o fi sínú ìlù kọ̀ọ̀kan, kí [catch~] kan ṣoṣo máa gbà á. Kíyè sí i pé ohùn tó gba ọ̀nà yìí lè pẹ́ dé ní sáńpù 64, bíi 1.45 mílísẹ́kọ́ńdì bí sáńpù (ègé ohùn kékeré) bá jẹ́ 44100 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Etí kò ní mọ̀ ọ́n, àfi bí o bá po ohùn kan náà tó gba wáyà mọ́ ọn: nígbà náà ni ìlù yóò máa dún bíi pé inú agolo ló wà.

Má sì yọ gbogbo wáyà. Ohun tó jìnnà síra, tàbí tí ibi púpọ̀ ń lò, bí ìyára ìlù, ni mo máa ń fi ránṣẹ́ láìlo wáyà. Níbi tí o bá ti fẹ́ kí nǹkan kan ṣáájú èkejì, [t b f] (trigger, tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún sí òsì) àti wáyà ni kí o lò, nítorí bí [r] mẹ́ta bá ń jẹ́ orúkọ kan, má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ṣọ́ra pẹ̀lú kí ohun tó jáde láti [r iwon] má tún padà wọ [s iwon]: Pd yóò máa yípo títí yóò fi kọ stack overflow sí ọ lójú.

Bí o bá ti tún un ṣe tán tí gángan ò gbọ́ síbẹ̀, ṣí wíńdò tuntun, kọ [r gangan-iwon], so ó mọ́ [print], kí o fa súláídà náà. Bí nọ́ńbà bá ń jáde, orúkọ tí o kọ sí súláídà tọ̀nà, inú ilu.pd ni kí o lọ wò. Bí nǹkan kan ò bá jáde, wo bí o ṣe kọ ọ́ sínú Properties, nítorí Gangan àti gangan kì í ṣe ọ̀kan náà lójú Pd.