Kí ló sábà máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì Volkswagen 2.0 TSI (EA888) ti àtijọ́?

Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 ni, 1984 cc, ó ní tọ́bò, inú sílíńdà gan-an ló sì ti ń fọ́n pẹtiróòlù. Agbára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 200 hp, agbára ìyí rẹ̀ (torque) sì máa ń jẹ́ 280 Nm.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù jù ni tensioner tó ń mú kí ṣéènì táímìn (èyí tó ń jẹ́ kí fáàfù máa ṣí kó sì máa pa dé lásìkò) le, pàápàá lára àwọn ti 2008 sí 2012. Tí kò bá dì í mú mọ́, ṣéènì á fo eyín, písítìn á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Bó bá ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣíná sí i láàárọ̀, ẹ má wà á mọ́. Ẹ pààrọ̀ tensioner sí èyí tí wọ́n tún ṣe, pẹ̀lú ṣéènì rẹ̀.

Ó tún máa ń mu ọ́ìlì, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára rìngì písítìn kéré, ó sì tètè ń dí. Ẹ máa wọn ọ́ìlì ní gbogbo 1,000 km. Ọ́ìlì 5W-40 tó bá ìlànà VW 502 00 mu ni kẹ́ ẹ lò.

Pẹtiróòlù kì í kan ẹ̀yìn fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ni èérí dúdú ṣe ń gan mọ́ ọn, tí ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí ìdúró. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú táǹkì ò lè fọ̀ ọ́. Àfi kí wọ́n tú manifold (páìpù tó ń kó afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì), kí wọ́n ha á.