Brain box tuntun fún End of Discussion: ṣé agbára ọkọ̀ á pọ̀ sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. End of Discussion (Honda Accord) 2005 ni mò ń wà, oní 2.4, jíà ọ̀tọ̀mátíìkì. Ẹnì kan ní ọjà Ládípò ní òun máa yọ brain box rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), òun á fi irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ìdíje ọkọ̀ rọ́pò, pé agbára ẹṣin 60 ló máa kún un. Ẹlòmíràn ń ta kiní kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò tí wọ́n ti ń ṣe scan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé mo sì lè ta brain box àtijọ́ kí n fi lára owó rẹ̀ dí i? Àbúrò yín ní Ṣómólú.

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó sanwó. Kí n kọ́kọ́ gbé ti kiní ihò scan yẹn kúrò nílẹ̀: má rà á. Àwọn onímọ̀ ti tú irú rẹ̀ wò, iná tó ń ṣẹ́jú ni wọ́n bá níbẹ̀, kò bá brain box sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ní òun rí ìyàtọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló tẹ ọkọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti brain box gan-an, agbára kì í ti inú rẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá rí fà sínú ni agbára rẹ̀. Epo á tẹ̀ lé afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí i. Brain box kàn ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn sẹ́nsọ̀, kó lè mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé, bí nọ́sùlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ṣe máa ṣí pẹ́ tó, àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa tanná. Agbára ẹṣin 160 ni àwọn Honda fún ẹ́ńjìnnì 2.4 ti Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ṣe tìrẹ. Bí o kò bá fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ohun tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè rí fà jáde nínú irú ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọlé) bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 8 sí 16. Níbo ni 60 ti fẹ́ wá?

Àfi tó bá ní tọ́bò lọ́kàn tí kò sọ. Tọ́bò yàtọ̀. Èyí tó bá ń ti afẹ́fẹ́ wọlé ní ìdajì bar péré (bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára tí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká fi ń tẹ nǹkan), bí ìdajì afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà tẹ́lẹ̀ ló fi ń kún un, brain box tó ṣeé tò fúnra ẹni á sì di dandan. Ṣùgbọ́n epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Wo bí àyè ṣe há tó: ní RPM 6,000 (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), láti ìgbà tí písítìnì kan ti fa afẹ́fẹ́ títí tó fi tú èéfín jáde, kò ju 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Nọ́sùlù tó bá ti ń ṣí fún 17 nínú 20 yẹn ti dé òpin agbára rẹ̀. Wàá pààrọ̀ nọ́sùlù, wàá pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, owó ń lọ.

Bóyá brain box Haltech ti Ọsirélíà ni o rà, tàbí Link ti New Zealand, tàbí MegaSquirt tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀, tábìlì nọ́ńbà ló wà nínú gbogbo wọn. RPM wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe wàhálà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí tábìlì náà bá jẹ́ 16 lọ́nà 16, ihò 256 nìyẹn fún epo nìkan, ti púlọ́ọ̀gì tún wà lọ́tọ̀. Base map, ìyẹn tábìlì ìbẹ̀rẹ̀ tó bá a wá, kí ọkọ̀ lè sítáàtì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe kí o gbé e gba Ìbàdàn lọ. Ẹni tó máa tò ó ni kí o wá kí o tó wá àpótí.

Kí onítọ̀hún fi wideband rẹ̀, sẹ́nsọ̀ tó ń wọn èéfín, hàn ọ́. Òun ló ń sọ iye kílò afẹ́fẹ́ tó ń bá kílò epo kan jó. 14.7 ló yẹ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ pátápátá, nǹkan bí 12.5 sí 13 ni, tọ́bò sì ń fẹ́ kó tún lọ sílẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ní etí òun ló ń gbọ́ ọ, tàbí pé àwọ̀ púlọ́ọ̀gì ló ń sọ fún òun, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa lọ.

Púlọ́ọ̀gì ló máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ kíákíá. Bó bá tanná ṣáájú ìgbà tó yẹ, epo á máa bú fúnra rẹ̀, yóò máa dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kò sì ní pẹ́ kó lu písítìnì. Ọ̀pọ̀ map tí wọ́n ń fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, epo octane 98 ti Yúróòpù, tí kì í tètè bú fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi tò ó. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol (irú ọtí kan) ti pọ̀ jù wọ Èkó. Kílò methanol kan kò fẹ́ ju kílò afẹ́fẹ́ 6.4 lọ, nítorí náà iye tí nọ́sùlù ń tú tẹ́lẹ̀ á kéré jù fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Brain box Honda lè fi oxygen sensor tó wà lójú ọ̀nà èéfín tún un ṣe dé ìwọ̀n kan. Map tí wọ́n ti ní kó má yí padà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ tún fi ooru kún un: afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Ìkòròdú Road ní ọ̀sán gangan kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi tò ó lóru. Map rere gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbóná. (Ẹ jọ̀ọ́, Third Mainland kọ́ ni ibi ìdánwò, bó ti wù kí òru jìn tó.)

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí dáadáa ni jíà. Nínú Honda ọ̀tọ̀mátíìkì tìrẹ, brain box kan náà ló ń darí ẹ́ńjìnnì àti jíà. Òun náà ló ń bá kọ́kọ́rọ́ sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó jẹ́, òun ló ń pàṣẹ fún AC. Yọ ọ́, jíà kò ní rí ẹni máa pàṣẹ fún un. Ṣé ọkùnrin Ládípò yẹn sọ bó ṣe fẹ́ yanjú ìyẹn? Àwọn kan máa ń fi méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tuntun á mú epo àti iná, ti àtijọ́ á mú jíà, ṣùgbọ́n réwáyà tó mọ wáyà débẹ̀ kò pọ̀. Àwọn kiní tí wọ́n ń fi sáàárín sẹ́nsọ̀ àti brain box, tó ń parọ́ fún brain box pé afẹ́fẹ́ kéré, ó ń dín epo kù lóòótọ́, àmọ́ brain box á rò pé wàhálà ẹ́ńjìnnì kéré, á sì mú iná púlọ́ọ̀gì ṣáájú, a tún ti padà sí òkúta inú agolo nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mi ni, agbára tó ti sọnù ni mo máa kọ́kọ́ wá. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ọjọ́ orí yẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 160 yẹn mọ́. Wọn compression rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Jẹ́ kí wọ́n wọn àlàfo valve (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde), torí Honda yìí kò ní ohun tó ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, mẹkáníìkì wa sì máa ń fojú fò ó. Wo asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu VTEC, ẹ̀rọ tó ń yí bí valve ṣe ń ṣí padà, ìdọ̀tí ọ́ìlì máa ń dí i. Fọ nọ́sùlù, wọn agbára pọ́ǹpù epo, kí o sì wò ó bóyá catalyst, asẹ́ èéfín, ti dí. Lẹ́yìn èyí, tí o bá ṣì fẹ́ tọ́bò, wá ọkọ̀ onífẹsẹ̀-yíjíà ṣe é.

Má ta brain box àtijọ́ yẹn o. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ ló mọ̀. Tòkunbọ̀ tí o bá rà ní Ládípò láti fi rọ́pò rẹ̀ lọ́la kò ní mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ, wọ́n á ní láti fi ẹ̀rọ kọ́ ọ kí ọkọ̀ tó lè jẹ́. Bí o bá yọ ọ́, wé e sínú ọ̀rá, gbé e síbi tí omi kò lè dé, kí o sì kọ ọdún ọkọ̀ náà sí i lára.