Ṣé àfiwé tààrà ni "Erin wó"?

Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló béèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní SS2 kọ ọ́ nínú ìdánwò pé àfiwé tààrà ni "Erin wó", tíṣà sì fagi lé e. Ọmọ náà kò gbà. Ó ní, "Màámi, wọ́n pe ọba ní erin, wọn ò sọ ọ́ yíká. Kí ló tún tààrà ju ìyẹn lọ?" Ìyá ní òun náà rò ó títí, òun ò rí èsì fún un.

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn o. Ọmọ tó ń ronú ló lè ṣi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Orúkọ tí wọ́n sọ àfiwé méjèèjì, tààrà àti ẹlẹ́lọ̀ọ́, ló tàn án jẹ.

"Tààrà" tí wọ́n ń wí níbẹ̀, àfiwé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò fi pa mọ́ pé òun ń fi nǹkan méjì wéra. Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wá fi "bí", "bíi", "dà bí" tàbí "jọ" sáàárín wọn. "Ó ga bí ìrókò": èèyàn ṣì ni èèyàn, igi ṣì ni igi, gíga nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní "Ìrókò ni ọkùnrin yẹn", ohun tó wà láàárín ti kúrò. Wọn ò sọ fún wa bóyá gíga rẹ̀ ni, tàbí agbára rẹ̀, tàbí ìbẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ bíi ti igi tí èèyàn kì í ṣàdédé gbé àáké lé. Etí tó gbọ́ ni yóò ṣà á. Èyí ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé gbólóhùn náà kalẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ tán: "Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè." Àfiwé méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Erin àti àjànàkú dúró fún ọba, ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ ọba rárá, ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn. Nígbà tó dé "sùn bí òkè", "bí" ti wọlé, ó ti di tààrà. Nítorí náà tíṣà jàre, torí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n bi ọmọ náà. Ká ní gbogbo rẹ̀ ni, ì bá rí máàkì díẹ̀ he.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ pé ọba kú bí ìgbà tí erin wó? Níhìn-ín ni àṣà wà. Lọ́dọ̀ wa, ọba kì í kú. Nígbà tí Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Oyèwùmí Ajàgùngbàdé Kẹta, lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta náà tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, "ọba wàjà" ni àwa tí a mọ̀ ọ́n sọ ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo "bí" níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe "ọba kú" kó tó rí ohun tí yóò fi wé e, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣẹ̀. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ ló gbà wá: erin ló wó, a ò mẹ́nu kan ọba.

Bákan náà ni tí èèyàn bá wọ ààfin Ọ̀yọ́. "Ikú, Bàbá, Yèyé" ni wọ́n ń ki Aláàfin. Ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ kó ní "Ẹ dà bí ikú, Kábíyèsí"? Àdínkù ni. Ẹni tó dà bí ikú kì í ṣe ikú. (Àmọ́ "Aláṣẹ èkejì òrìṣà" tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àfiwé, ipò ni wọ́n ń tò níbẹ̀.)

Ìyàtọ̀ yìí kò mọ láàfin. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ yín pé "O ń ṣe bí ewúrẹ́", ìwà tó hù láàárọ̀ yẹn lẹ ń bá wí, ó lè jáwọ́ nínú rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. "Ewúrẹ́ ni ọ́" ti kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ sí àna yín, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹ máa jókòó sílé.

Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ náà ṣá o, kó má lọ há "bí" àti "ni" sórí. "Bí òjò bá rọ̀" kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. "Àìná ga bí Àlàbí" kàn ń wọn èèyàn méjì ni, kò sí ọnà nínú rẹ̀. "Tíṣà ni bàbá rẹ̀", òótọ́ pọ́ńbélé. Kó máa bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ti mọ orúkọ ìlú rẹ̀ ní kíkún, Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ó dún bí ẹlẹ́lọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ìlú sọ pé Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ ìlú náà dó, gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, ní tòótọ́, ó sì gbé e ránṣẹ́ sí Aláàfin. Orí ni orí ọ̀hún.

Ẹ wá fún un ní eléyìí kó fi dánra wò: "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." Kò sí "bí" níbẹ̀, wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní alángbá, síbẹ̀ èèyàn ni wọ́n ń bá wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá lè sọ fún yín irú èèyàn tó jẹ́, tíṣà kò ní rí ibi fagi sí mọ́.